Ọwọ́ Tó Gbin Pańṣẹ́kẹ́

Kí Lìádì tó yá ẹnikẹ́ni nílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ. "Gbin ẹ̀gẹ́. Gbin àgbàdo. Gbin ilá títí ilá á fi sú ọ. Ṣùgbọ́n má gbin igi sórí ilẹ̀ mi." Bó ṣe ń sọ ọ́ fún àlejò tó wá dáko náà ló ń sọ ọ́ fún ìbátan rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kò ní wàhálà. Bó bá gbó, a ó hú u, ilẹ̀ á sì padà sọ́wọ́ onílẹ̀. Igi kì í lọ síbì kankan. Ẹni tó bá gbin igi ti fìdí múlẹ̀, bó bá sì di ọjọ́ ìjà, igi yẹn ni yóò kọ́kọ́ jẹ́rìí pé ọ̀gá òun nìyí. Kò sí ọmọ abà Aláàsà, lójú ọ̀nà Akanran, tí kò mọ òfin yìí, Fàtímọ̀ ìyàwó Lìádì sì mọ̀ ọ́n dunjú.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa ta á lára títí dòní nìyẹn. Bí wọ́n bá tan aláìmọ̀kan jẹ, a ó ní kò mọ̀ ni. Fàtímọ̀ mọ̀. Ó mọ̀, ó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọkọ́ fún ẹni tó tàn án jẹ.

Kàmọ́rù lorúkọ onítọ̀hún, ẹ̀yìn Fàtímọ̀ ló sì wà kó tó mọ ìrìn. Sàníù ni bàbá rẹ̀, ará Òkè-Ògùn kan tó máa ń wá ṣán oko fún Lìádì lọ́dọọdún. Lọ́dún kan, ó gbé ọmọ dání wá, ó ní ìyá rẹ̀ ti kú. Kí wọ́n tó kórè ọdún náà, ejò bu Sàníù jẹ nínú oko, ó bá a lọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí ìlú rẹ̀ títí, ẹnikẹ́ni kò yọjú. Fàtímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já Kifayah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, lẹ́nu ọmú nígbà náà. Ó nu ojú ọmọ Sàníù, ó pọ̀n ọ́n, ọ̀rọ̀ sì parí. Nígbà tí ọ̀fìnkìn líle mú ọmọ náà tí kò lè mí, ẹnu ni Fàtímọ̀ fi fa ikun nímú rẹ̀. Ó rán an ní ilé-kéú, ó rán an ní ilé ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ọmọ mélòó ló bí, á ní méjì.

Ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ wọ Kàmọ́rù lórí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dára sí ohun ọ̀gbìn. Ó lọ kọ́ṣẹ́ ní Adégbayì, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta òdòdó létí ọ̀nà Ifẹ̀, níbi tí àwọn tó ń kọ́lé tuntun ti máa ń dúró ra ohun tí wọn yóò gbìn síwájú ilé. Ìgbà tó gba ìdáǹdè, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún Lìádì pé kí Bàbá yá òun ní ibi tó kọjú sí títì, kí òun lè kó ọjà òun síbẹ̀. Ibẹ̀ ló dára jù nínú ilẹ̀ Lìádì. Kifayah ló ni ín lọ́la, gbogbo ilé ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lìádì ní òun gbọ́. "Ṣùgbọ́n inú ọ̀rá ni kí gbogbo rẹ̀ wà o. Ọ̀kan kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni Kàmọ́rù to òdòdó rẹ̀ jọ sínú ọ̀rá dúdú, ó ń bomi rin wọ́n, ó ń tà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í dá gbòǹgbò dúró. Bó bá pẹ́, á lu ọ̀rá, á máa wá ilẹ̀ lọ. Lìádì á wá jáde láàárọ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ, á máa gbé ọ̀rá kọ̀ọ̀kan sókè, á gé gbòǹgbò tó bá ti yọjú, á sì gbé e padà síbi tó wà. Àwọn èèyàn ń fi í rẹ́rìn-ín. Fàtímọ̀ alára bá a wí.

"Ọmọ rẹ nìyẹn o, Bàbá Kifayah. Ṣé bí a ṣe ń ṣe sọ́mọ ẹni nìyẹn?"

"Ọmọ mi ni," Lìádì dá a lóhùn, kò sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Mi ò sọ pé kì í ṣe ọmọ mi. Mo sọ pé kò gbọdọ̀ gbin igi."

Bó bá sì di ìparí ọdún, Kàmọ́rù á gbé kẹ́ẹ̀gì epo kan wá gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀, Lìádì á gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, á ṣàdúrà fún un. Ọ̀rọ̀ náà kò le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ní olówó orí, ẹni tó yá a sì mọ̀ pé yíyá ni òun yá a.

Lìádì kú. Ọjọ́ fídáù ogójì rẹ̀, nígbà tí àwọn ààfáà ti lọ tí wọ́n ti kó ìkòkò kúrò lórí iná, Kàmọ́rù gbé ọ̀rá kan wá bá Fàtímọ̀ níbi tó jókòó sí. Pańṣẹ́kẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀, igi olódòdó pupa tí èso rẹ̀ máa ń gùn gbọọrọ tí í máa dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ bó bá gbẹ. Kò tíì ga ju ìbàdí lọ.

"Màámi," ó ní, "ibi tí Bàbá máa ń gbé rédíò jókòó sí létí títì yẹn, ẹ jẹ́ ká gbin èyí síbẹ̀. Kí ibẹ̀ má ṣófo."

Omi bọ́ lójú Fàtímọ̀. Síbẹ̀ ó rántí. "Bàbá rẹ kò fẹ́ igi lórí ilẹ̀ yẹn, o ṣáà mọ̀."

Kàmọ́rù rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Màámi mi! Igi tí Bàbá ń sọ ni kòkó, obì, ọ̀pẹ, igi tí èèyàn ń jẹ èrè rẹ̀. Èyí? Òdòdó lásán ni. Ojú nìkan ló ń jẹ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Fàtímọ̀ nínú. Òun fúnra rẹ̀ rò ó, ó sì rí i pé òótọ́ ni. Ta ló gbọ́ rí pé wọ́n du ilẹ̀ nítorí igi tí kò ṣe é jẹ, tí kò ṣe é tà, tí ewúrẹ́ pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí? Ó dìde, ó wọlé lọ gbé ọkọ́ Lìádì jáde. "Ìwọ gan-an ni kó o gbìn ín, ọkọ mi. Ọwọ́ rẹ dára." Kàmọ́rù gbẹ́ ihò, ó fi abẹ la ọ̀rá, Fàtímọ̀ kúnlẹ̀, ó di igi náà mú kó má baà wọ́, Kàmọ́rù sì kó yẹ̀pẹ̀ bò ó nídìí. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, ó gbá orí Kàmọ́rù mọ́ra, ó sunkún Lìádì dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́.

Nígbà tí ọdún parí, Kàmọ́rù gbé kẹ́ẹ̀gì epo wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Fàtímọ̀ ní kó gbé e padà sílé. "Ṣé ìwọ ni màá gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ? Ẹnìkan ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ni?" Kàmọ́rù bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Báyìí ni ohun méjì tí Lìádì fi de ilẹ̀ náà ṣe tú. Ìfẹ́ ló tú u, ìyẹn ló sì burú jù nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ igi rí, ẹ mọ̀ pé gbígbìn kọ́ niṣẹ́. Fàtímọ̀ la oparun, ó fi ṣe ọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́. Ikán dìde sí i, ó ń da eérú sí i nídìí. Nígbà tí iná oko sá wá láti ìkangun abà lọ́jọ́ kan, ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó rì í sómi, ó fi ń lu koríko títí iná fi kú. Ní ti omi, ó ṣètò ọ̀rọ̀ náà lọ́nà tó yé òun àti Ọlọ́run rẹ̀: ìdí igi náà ló ti ń ṣe àlùwàlá láàárọ̀. Omi tó fi fọ ojú, tó fi fọ ọwọ́, tó fi fọ ẹsẹ̀, ìdí pańṣẹ́kẹ́ ló ń dà sí. Bó bá ti parí, á fọwọ́ tọ́ ọ lára, á kí i. Ó máa ń sọ fún un pé Bàbá Kifayah ń kí ọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lódì kejì, Ìyá Ọlọ́runyọmí, tí í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Àpọ́sítélì, kò fún un ní ìsinmi. "Ìyá Kifayah! Omi tẹ́ ẹ ti dà sígi yìí, bó bá ṣe ọ̀pẹ ni, ẹ ò bá ti máa ta epo. Ẹ jókòó ti igi tí kò so, tí kò tanná, bí ẹni tó ń ṣọ́ adìẹ tí kì í yé."

"Yóò tanná," Fàtímọ̀ á ní. "Kàmọ́rù ló gbìn ín. Ohun tí Kàmọ́rù bá fọwọ́ gbìn kì í kú."

Gbólóhùn yẹn di orin lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó wá kí i gbọ́ ọ. Ẹni tó wá ra ẹ̀gẹ́ gbọ́ ọ. Ọlọ́kadà tó kàn yà sí abẹ́ igi nítorí oòrùn, òun náà á gbọ́ pé ọmọ mi Kàmọ́rù ló gbin igi yìí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbẹ́ ihò rẹ̀. Yangàn ló ń fi í yan. Ìyá wo ni kì í fi ọmọ yangàn? Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣe é kó mọ́, Fàtímọ̀ sì ti fọ́ ẹyin tó pọ̀ sílẹ̀ ní gbogbo abà Aláàsà.

Igi náà ga, ó tẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ bí agboòrùn, síbẹ̀ kò tanná. Kàmọ́rù ti ń rí ṣe ní gbogbo àsìkò yìí. Wọ́n ti ń pè é ní Àlàájì kó tó mọ ọ̀nà Mẹ́kà. Ọjọ́ kan tó wá kí ìyá rẹ̀, ó yẹ igi náà wò, ó mi orí.

"Omi ti pọ̀ jù fún un, Màámi. Igi yìí, bí ìyà kò bá jẹ ẹ́ díẹ̀, kò ní í tanná. Tí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ má bomi rin ín mọ́. Ẹ fi í sílẹ̀."

Ó ṣòro fún Fàtímọ̀. Ó gbé kẹ́tùrù àlùwàlá rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé jálẹ̀ àsìkò ọyẹ́ náà, ó ń wo igi láti ọ̀ọ́kán bí ewé rẹ̀ ṣe ń re, tí ó ku ẹ̀ka lásán. Ó rò pé ó ti kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ tán, ó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i: igi náà ti pọ́n láti orí dé ẹ̀gbẹ́, pupa fòò tí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn lè rí. Fàtímọ̀ pariwo. Ìyá Ọlọ́runyọmí sáré jáde pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ, ó ní òun ti ronú pìwà dà, òun kò ní í bú igi mọ́. Wọ́n jọ jó díẹ̀ nídìí rẹ̀, àgbà méjèèjì.

Ó pe Kàmọ́rù lórí fóònù. "Ọkọ mi, ó ti tanná!"

"Mo ti rí i, Màámi," ni Kàmọ́rù wí. "Ó dára gan-an."

Ó ti pa fóònù kí Fàtímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ìgbà wo ló wá rí i, tí kò yà sílé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, jíìpù dúdú kan dúró sábẹ́ igi náà. Ọkùnrin méjì sọ̀kalẹ̀, aṣọ wọn mọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì tura. Èyí tó dàgbà nínú wọn bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí Fàtímọ̀.

"Ìyá, ẹ kúulé o. Ẹ ò rí igi tó dára! Ta ló gbìn ín?"

Fàtímọ̀ ti ń rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn. "Ọmọ mi ni, Kàmọ́rù. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbìn ín."

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ tún un sọ kí ọ̀rẹ́ mi yìí gbọ́."

Ó tún un sọ. Ó fi iyọ̀ sí i pé lọ́jọ́ fídáù bàbá rẹ̀ ni, pé kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti bá a gbẹ́ ihò. Ó bu omi tútù fún wọn mu, ó ṣẹ́ ẹ̀ka olódòdó kan fún wọn pé kí wọ́n mú un lọ fún ìyàwó wọn. Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. "Ọkàn wa ti balẹ̀ báyìí, ìyá," ó ní. Fàtímọ̀ rò pé òjìji igi ló fi ọkàn wọn balẹ̀. Ó dúró títí ọkọ̀ wọn fi lọ, ó ń juwọ́ sí wọn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dé. Wọ́n ri òpó símẹ́ǹtì mọ́lẹ̀ láti ìdí pańṣẹ́kẹ́ títí dé títì, gbogbo ibi tó jẹ́ ti Kifayah. Fàtímọ̀ jáde sí wọn pẹ̀lú igi ìdáná lọ́wọ́. Wọ́n ní kí ìyá má bínú, iṣẹ́ ni wọ́n rán àwọn. Àlàájì Kàmọ́rù ló ta ilẹ̀ náà fún ọ̀gá àwọn, igi pupa yìí ni ààlà rẹ̀, ìyá Àlàájì fúnra wọn ló sì jẹ́rìí sí i pé Àlàájì ló gbin igi náà.

Igi ìdáná bọ́ lọ́wọ́ Fàtímọ̀. Ó pe Kàmọ́rù lórí fóònù, kò gbé e. Ó tún pè é. Ó pè é títí Ìyá Ọlọ́runyọmí fi wá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, tó mú un jókòó. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn tó fẹ̀gún sọ́wọ́, kí la fẹ́ bá a sọ lórí fóònù?

Kifayah dé láti Alakia, níbi tó ti ń ránṣọ. Ó bínú débi pé kò lè jókòó. Ẹjọ́ ti dé iwájú Baálẹ̀ Àjàní, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ.

"Màámi, ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ gbìn ín. Ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

"Gbogbo abà ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé òun ni."

"Ẹ ní ìfẹ́ ló mú yín sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ẹ̀ ń fi í yangàn ni. Màámi, ilẹ̀ mi ni wọ́n ń gbé lọ yìí o! Ilẹ̀ bàbá mi ni!"

Fàtímọ̀ wo ọmọ rẹ̀ títí. "Bàbá rẹ ni mo máa bá lọ́hùn-ún, Kifayah. Mi ò fẹ́ gbé irọ́ dání lọ bá a."

Níwájú Baálẹ̀, Kàmọ́rù kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ Fàtímọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màámi, ẹ kú àárọ̀." Ìyẹn gan-an dun Fàtímọ̀ ju ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ. Ká ní ó wá bí ọ̀tá ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọ̀tá jà.

Nígbà tó kàn án láti sọ̀rọ̀, Kàmọ́rù kò pariwo. "Baálẹ̀, kí ẹ̀mí yín gùn. Bàbá ló fún mi nílẹ̀ yẹn pátápátá kó tó kú. Ó ní ọmọ òun ni mí. Bó bá ṣe yíyá ni mo yá a, ẹ bi Màámi, ṣé mo san ìṣákọ́lẹ̀ láti ìgbà tí Bàbá ti kú?"

Baálẹ̀ yíjú sí Fàtímọ̀. "Kò san," Fàtímọ̀ dáhùn. "Ó gbé e wá, mo ní kó gbé e padà nítorí mo pè é lọ́mọ."

"Ẹ sì bi wọ́n, Baálẹ̀. Ní abà yìí, ṣé a máa ń jẹ́ kí ẹni tó yá ilẹ̀ gbin igi? Ta ló gbin pańṣẹ́kẹ́ tó wà níbẹ̀?"

Kifayah di etí ìborùn ìyá rẹ̀ mú. Wọ́n gbé Àlùkùráánì síwájú Fàtímọ̀, ó gbọ́wọ́ lé e.

"Òun ló gbìn ín," ó ní. "Ó ní òdòdó lásán ni, pé ojú nìkan ló ń jẹ ẹ́. Mo gbà á gbọ́. Òun ló gbẹ́ ihò, òun ló kó yẹ̀pẹ̀ sí i. Èmi ni mo dì í mú kó má wọ́. Èmi ni mo fún un lómi. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ewúrẹ́, lọ́wọ́ ikán, lọ́wọ́ iná. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Kàmọ́rù ló gbìn ín, mi ò lè sọ pé ọwọ́ rẹ̀ kọ́."

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dun òun, ṣùgbọ́n igi ni igi ń jẹ́ nílẹ̀ yìí, ìbáà so, ìbáà má so. Ẹni tó gbìn ín ló ni ibi tó dúró sí. Kí Fàtímọ̀ máa bá ilé rẹ̀ lọ àti oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí iwájú títì jẹ́ ti Kàmọ́rù. Àwọn kan sọ lẹ́yìn náà pé ọwọ́ Baálẹ̀ kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Fàtímọ̀ kò fẹ́ mọ̀.

Ó dìde. "Mo gbọ́, Baálẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó gbìn ló ni ín, tí ẹni tó tọ́ ọ kò ní nǹkan kan níbẹ̀, a jẹ́ pé Kàmọ́rù kì í ṣe ọmọ mi nìyẹn. Sàníù ló gbìn ín. Sàníù ló ni ín. Ẹ bá mi sọ fún un kó yéé pè mí ní Màámi."

Kàmọ́rù ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí Fàtímọ̀ ń lọ sílé, Kàmọ́rù sáré tẹ̀ lé e lójú ọ̀nà. "Màámi, ẹ dákun. Mo ti bá wọn sọ ọ́, wọn ò ní í gé igi yín." Fàtímọ̀ ń lọ ní tirẹ̀. Níwájú Baálẹ̀, igi Kàmọ́rù ni. Lẹ́yìn ẹjọ́, ó wá di igi Fàtímọ̀.

Wọ́n gé e. Ibi tó dúró sí gan-an ni ọgbà tuntun fẹ́ gbà kọjá, igi tó ti jẹ́rìí tán kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àsìkò ọyẹ́ ni, ewé ti re, èso gígùn rẹ̀ ti gbẹ. Katapílà fi orí kàn án, ó dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ láti òkè délẹ̀ bó ṣe ń ṣubú. Fàtímọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti kẹ́tùrù lọ́wọ́. Ó sunkún bó ṣe sunkún Lìádì, kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Ọlọ́runyọmí di ejìká rẹ̀ mú, òun náà ń sunkún igi tó ti bú títí. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ lọ jẹun, Fàtímọ̀ wọ inú ẹ̀ka tó wó, ó ṣa èso kan, ó fi sínú ìró rẹ̀.

Èèpo kóró pańṣẹ́kẹ́ le. Kàmọ́rù ló kọ́ ọ nígbà kan pé a gbọ́dọ̀ ha á lára òkúta, ká rì í sínú omi gbígbóná di ọjọ́ kejì, kó tó gbà láti yọ. Fàtímọ̀ ha á, ó rì í, ó gbìn ín sínú agolo mílíìkì. Ó yọ. Ó tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn ilé títí òjò fi dé tí ó sì tó gbìn.

Ọ̀sẹ̀ ọdún Iléyá ló fi ọ̀rọ̀ náà sí. Ó ránṣẹ́ pe Baálẹ̀ Àjàní, ó pe Ìyá Ọlọ́runyọmí, ó ní kí Kifayah má tíì padà sí Alakia. Baálẹ̀ wá, ojú ń tì í díẹ̀, ó rò pé àdúrà ni. Fàtímọ̀ mú wọn lọ sẹ́yìn ilé, ó gbé ọkọ́ Lìádì, ó gbẹ́ ihò fúnra rẹ̀. Àárẹ̀ mú un, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Ó ti kúnlẹ̀, ó ti yọ igi náà nínú agolo, nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró ọkọ̀ níwájú ilé.

Kàmọ́rù ni, ó gbé itan àgbò dání. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé yọ sí wọn. Ó rí ìyá tó tọ́ ọ lórí eékún, tó fi ọwọ́ kan di igi kékeré mú, tó ń fi ọwọ́ kejì wa yẹ̀pẹ̀, tí igi náà ń wọ́. Bóyá ó gbàgbé ara rẹ̀ ni. Ó gbé ẹran sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́. "Màámi, ẹ jẹ́ n bá yín dì í mú."

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́," Fàtímọ̀ wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ọwọ́ Kàmọ́rù dúró sófuurufú. Kifayah kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó di igi náà mú, Fàtímọ̀ sì kó yẹ̀pẹ̀ bò ó nídìí, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Baálẹ̀, ojú yín rí i. Ọwọ́ ta ló gbìn ín?"

"Ọwọ́ yín ni, Ìyá Kifayah," Baálẹ̀ dáhùn.

"Ìyá Ọlọ́runyọmí, ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Ọwọ́ yín ni. Mo rí i."

Ó bu omi nínú kẹ́tùrù, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ìdí igi náà. Ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó wá yíjú sí ọkùnrin tó ṣì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ fún un bí a ti ń kúnlẹ̀ kí àlejò pàtàkì.

"Ẹ kú àbọ̀, sà," ó ní. "Ta lẹ wá bá nínú ilé yìí?"